Ìdáhùn sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kan: ohun tí èrò amòye lè sọ nípa ìkànnì yín, àti ohun tí kò lè sọ

Ìbéèrè: "Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. A ṣe ìkànnì tuntun kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè máa wo iye owó tí wọ́n ní nípamọ́, kí wọ́n sì lè máa béèrè fún ẹ̀yáwó láti orí fóònù wọn. Kí a tó ṣí i, a fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí amòye mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ ìkànnì, a ní kí wọ́n fún apá kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti orí 1 dé 10. Lórí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, wọ́n fún wa ní 9, 9, 10 àti 4. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 8, a sì gbà pé ẹni tó fún wa ní 4 ti le jù. Oṣù mẹ́ta ti kọjá, ọ́fíìsì wa ṣì ń kún fún àwọn tó wá gba fọ́ọ̀mù onípépà. Akápò wa ní owó tí a fún àwọn amòye náà ti wọgbó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èrò amòye tilẹ̀ wúlò lórí ọ̀rọ̀ yìí, àbí àwọn tó ń lo ìkànnì nìkan ló yẹ kí a bi?"

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ni mo ń bá pàdé lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ná owó gidi lórí ìkànnì. Ìdáhùn mi ni pé èrò amòye wúlò, ó sì wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ní láti fún yín. Máàkì ni ẹ béèrè, bẹ́ẹ̀ ojú tó ń rí àléébù ni amòye ní. Bí ẹ bá pe bíríkìlà pé kó wá fún ilé yín ní máàkì, yóò wo ọ̀dà ara ògiri, yóò wo fèrèsé, yóò sì fún yín ní 9. Bí ẹ bá ní kó wá ibi tí òjò yóò gbà wọlé, orí òrùlé ni yóò gùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ìrọ̀rùn ìlò jẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìwé ìbéèrè yín ti ṣìnà. Àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ kalẹ̀, ìyẹn ISO, ti túmọ̀ rẹ̀ nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní ISO 9241-11, èyí tó jáde ní ọdún 1998, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2018. Ní ṣókí, wọ́n ní a óò mọ ìrọ̀rùn ìlò nípa bí àwọn èèyàn kan pàtó ṣe ń fi nǹkan ṣe iṣẹ́ kan pàtó ní àyíká kan pàtó: bóyá wọ́n parí iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, bóyá àkókò àti agbára tó gbà wọ́n kò pọ̀ jù, àti bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Èyí já sí pé kò sí ìkànnì tó rọrùn lásán. Ó gbọ́dọ̀ rọrùn fún ẹnì kan, láti fi ṣe nǹkan kan, níbi tí ẹni náà wà. Ìwé ìbéèrè yín kò sọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà amòye kọ̀ọ̀kan ní láti fi ti ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù nínú ọ́fíìsì tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yára, kó máa ro ọ̀dọ́ tó ti mọ ìkànnì í lò. Kí ẹlòmíràn sì máa ro ọmọ ẹgbẹ́ tó dúró nídìí àtẹ ní Bódìjà, tí dátà rẹ̀ ń tán lọ. Ìdáhùn mẹ́rin sí ìbéèrè mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ pàpọ̀, tí ẹ fi mẹ́rin pín. Bí ìṣirò náà tilẹ̀ pé, ohun tí 8 yẹn dúró fún kò sí.

Kí amòye jókòó ti ẹ̀rọ kan, kó máa fi àwọn ìlànà tí oníṣẹ́ mọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láti rí àléébù, kì í ṣe àṣà tuntun. Àwọn ọmọ Denmark méjì, Jakob Nielsen àti Rolf Molich, ló gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àyẹ̀wò ní ọdún 1990, nígbà tí ìkànnì ayélujára kò tíì dé ọ̀dọ̀ aráyé. Ohun tí wọ́n rí nígbà náà ló yẹ kó wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba èrò amòye títí di òní: nínú ìdánwò mẹ́rin tí wọ́n ṣe, ẹni tó bá dá nìkan ṣe àyẹ̀wò kì í rí ju ìdá 20 sí ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún àléébù tó wà níbẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo kò tó, kódà bó bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n àléébù tí ẹni kìíní rí kọ́ ni ẹni kejì rí, nítorí náà nígbà tí wọ́n pa àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn márùn-ún pọ̀, ohun tí wọ́n jọ rí ju ìdajì lọ dáadáa. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn tí àwa oníṣẹ́ ń tẹ̀ lé ti wá, pé kí a lo amòye mẹ́ta sí márùn-ún, kí oníkálùkù sì dá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti jọ jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn yóò fi máa wò ó.

Àyẹ̀wò mìíràn wà tó kan irú iṣẹ́ tiyín gan-an. Ní ọdún 1992, Nielsen mú ẹ̀rọ kan tí àwọn oníbàárà báńkì lè fi gbọ́ iye owó wọn lórí tẹlifóònù, ó sì kó o fún ìsọ̀rí èèyàn mẹ́ta láti wá àléébù rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò kọ́ nípa ìrọ̀rùn ìlò rí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpíndọ́gba. Àwọn tó kọ́ nípa ìrọ̀rùn ìlò rí ìdá 41. Àwọn tó mọ̀ nípa ìrọ̀rùn ìlò, tí wọ́n sì tún mọ̀ nípa irú ẹ̀rọ orí tẹlifóònù bẹ́ẹ̀, rí ìdá 60. Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí èyí díẹ̀, akọ̀wé. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan kò tíì di amòye lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó lè kọ́ ìkànnì láti ìpìlẹ̀ lè má mọ ìdí tí ojú ọmọ ẹgbẹ́ fi ń fo bọ́tìnnì kan kọjá, ó sì wọ́pọ̀ káàkiri ọ̀dọ̀ wa pé àwọn tó ń kọ́ ìkànnì ni a máa ń pè ní amòye ìrọ̀rùn ìlò. Ẹni tí ẹ nílò jù ni ẹni tó kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí, tó sì tún mọ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ń rìn: tó mọ ohun tí onídùúró ń ṣe, tó mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ kì í yá ju ìlọ́po iye kan nínú owó ìfipamọ́ rẹ̀ lọ, tó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń bèèrè lọ́wọ́ alága kí wọ́n tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù rárá.

Akápò yín lè sọ pé bí ó bá jẹ́ pé amòye kì í rí ohun kan náà, a jẹ́ pé wọn kò mọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, n kò sì ní fi bò yín lójú. Ní ọdún 2001, Morten Hertzum àti Niels Ebbe Jacobsen kó ọ̀pọ̀ ìwádìí tó ti wáyé jọ, wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjì bá fi ọ̀nà kan náà yẹ ẹ̀rọ kan náà wò, ibi tí àkọsílẹ̀ wọn ti bára mu lè kéré tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í sì í ju ìdá 65 lọ. Ṣùgbọ́n kí akápò mọ̀ pé bó ṣe kan àwọn amòye tó ń dá yẹ ẹ̀rọ wò ló kan àwọn tó ń jókòó ti àwọn aṣàmúlò tí wọ́n ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí a bá ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni a óò bi, ẹnì kan ni yóò ṣì jókòó tì wọ́n, tí yóò pinnu pé èyí jẹ́ àléébù, pé tọ̀hún kì í ṣe é.

Molich fúnra rẹ̀ ló ṣe ìwádìí tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù. Ní ọdún 2003, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ 17 yẹ ìkànnì tí Hotel Pennsylvania ní New York fi ń gba àlejò wò. Mẹ́sàn-án nínú wọn lo àwọn aṣàmúlò, mẹ́jọ lo ojú amòye nìkan. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ 340 ni gbogbo wọn kó jáde, 205 nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo péré ló rí i. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé iṣẹ́ àwọn tó lo ojú amòye kò rẹ̀yìn sí ti àwọn tó lo aṣàmúlò. Nítorí náà, bí wọ́n kò ṣe rí ohun kan náà kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Àléébù ìkànnì kan máa ń pọ̀ ju ohun tí ojú mélòó kan lè kó tán lọ ni. Bí ẹ bá rán ọmọ mẹ́rin lọ ṣa ẹ̀pà nínú oko tí wọ́n ti kórè, ẹ kò ní retí pé kí wọ́n ṣa horo kan náà bọ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí ojú mi rí, nítorí òun ló fi ìwọ̀n amòye hàn mí jù lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà lára amòye mẹ́ta tó yẹ ìkànnì àjọ kan wò, a sì kọ àléébù tí a rí sílẹ̀, wọ́n tún wọn ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Màmá tẹ orúkọ, wọ́n tẹ ọjọ́ ìbí, wọ́n tẹ nọ́ńbà fóònù, wọ́n sì fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ìkànnì ní òun ti fi nọ́ńbà OTP ránṣẹ́, ìyẹn nọ́ńbà ìdánilójú tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fóònù dún, àtẹ̀jíṣẹ́ náà yọ lókè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì wọlé padà kí màmá tó gbé awò ojú wọn wọ̀. Wọ́n jáde lójú ìkànnì, wọ́n lọ ṣí àtẹ̀jíṣẹ́, wọ́n wá bírò, wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn àpòòwé kan, wọ́n sì padà wá. Fóònù wọn kì í ṣe èyí tó ní ààyè púpọ̀ nínú. Bí wọ́n ṣe lọ ka àtẹ̀jíṣẹ́ ló ti gbé ojú ìwé ìkànnì jù sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì padà dé, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo àpótí ti ṣófo. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́ ni?" Wọ́n tún un ṣe, ó tún ṣófo. Nígbà kẹta, nọ́ńbà náà ti kọjá àkókò rẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta tó rí èyí. Orí láptọ́ọ̀pù ni a ti ṣe àyẹ̀wò, fóònù wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ń fi ojú kan ka nọ́ńbà, a ń fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́. A kò jáde lójú ìwé náà rí. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àlejò ni amòye jẹ́ nínú ìgbésí ayé ẹni tó ń lo ìkànnì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Màmá kò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Bó bá jẹ́ pé ìwé ìbéèrè ni a fún wọn, ohun tí wọn ì bá kọ ni pé àgbà ti dé, pé àwọn kò mọ fóònù lò, bóyá wọn ì bá tilẹ̀ fún ìkànnì náà ní máàkì gíga kí ó má baà dà bíi pé wọ́n ń rojọ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló lè sọ pé kí ìkànnì máa fi ohun tí èèyàn ti tẹ̀ pamọ́ bí ojú ìwé bá tún ṣí, pé kí ọjọ́ ayé nọ́ńbà náà gùn sí i, pé kí ìkànnì gba fóònù láyè láti fa nọ́ńbà náà jáde fúnra rẹ̀ láti inú àtẹ̀jíṣẹ́. Aṣàmúlò ló fi ibi tó ń dùn hàn. Amòye ló mọ ohun tó fà á.

Àpẹẹrẹ mìíràn tún wà tó sún mọ́ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó yín, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ní láti tẹ orúkọ onídùúró bó ṣe wà nínú ìwé ẹgbẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lórí kò ní. Ṣe ni a ń so àwọn ègé rẹ̀ pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè fi àmì ohùn sórí ẹ, òmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ é. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀ síra, àfi bí ẹni tó kọ ìkànnì bá ti ní kó máa sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra. Ẹni tó tẹ orúkọ onídùúró rẹ̀ pẹ̀lú àmì pípé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá tó bọ̀wọ̀ fún èdè rẹ̀, ni ìkànnì yóò dá lóhùn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Amòye tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní dán an wò láéláé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú amòye yín jẹ́ ẹni tó ń kọ Yorùbá.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ má fi máàkì bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ ń wá ṣe: wo iye owó rẹ, béèrè fún ẹ̀yáwó ₦200,000, fi onídùúró méjì kún un, wo ìgbà tí o máa san tán. Ẹ sọ irú ẹni tó ń ṣe é àti irú fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bẹ àwọn amòye pé orí irú fóònù bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí oníkálùkù dá kọ àléébù tó bá rí sílẹ̀: ojú ìwé wo ni, kí ló ń gbìyànjú láti ṣe, kí ni ìkànnì ṣe, ìlànà wo ló tàpá sí. Ìlànà mẹ́wàá tí Nielsen tún tò ní ọdún 1994, lẹ́yìn tó ti yẹ àléébù 249 wò, ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò; lára wọn ni pé kí ẹ̀rọ máa jẹ́ kí èèyàn mọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, kí ó sì máa fi èdè tó yéni sọ àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ̀yin pa gbogbo àkọsílẹ̀ náà pọ̀ di ìwé kan ṣoṣo.

Ìgbà yìí gan-an ni ìwé ìbéèrè wúlò. Ẹ fi àkójọ àléébù náà ránṣẹ́ padà sí gbogbo wọn láì sọ ẹni tó rí èyí tàbí èyíinì, kí oníkálùkù sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe le tó, láti orí 0, tó túmọ̀ sí pé kì í ṣe àléébù rárá, títí dé 4, tó túmọ̀ sí pé kí a má ṣe ṣí ìkànnì láìtún un ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo kò ṣeé gbára lé lórí ìdíwọ̀n yìí. Ìpíndọ́gba ẹni mẹ́ta tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Níbi tí máàkì wọn bá ti jìnnà síra, kí ẹ dá a padà pẹ̀lú ìdí tí ẹni kọ̀ọ̀kan sọ, kí wọ́n tún un rò. Àwọn ará RAND, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Norman Dalkey àti Olaf Helmer, ló gbé irú ọ̀nà ìbéèrè tó ń padà lọ léraléra yìí jáde láti àwọn ọdún 1950, wọ́n ń pè é ní Delphi, ohun tó sì dára jù nínú rẹ̀ ni pé ẹnu àgbà kò ní bo ẹnu ọmọdé mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìdíwọ̀n yìí yóò tún gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó òfò, nítorí amòye máa ń kó àléébù wẹ́wẹ́ tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ àwọn tó le.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tún àwọn tó le ṣe, ẹ pe ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ kan náà níṣojú yín, kí ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí wọ́n má jẹ́ ọ̀dọ́ nìkan. Bí ẹ bá wá fẹ́ máàkì dandan láti fi han ìpàdé gbogbogbòò, ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyí, lẹ́yìn tí wọ́n ti lo ìkànnì náà tán, ni kí ẹ ti gbà á. Ìbéèrè mẹ́wàá tí John Brooke ṣe ní ọdún 1986, tí wọ́n ń pè ní SUS, dára fún èyí, ó sì ń fúnni ní iye láti orí 0 dé 100. Ẹ má fún amòye ní SUS kọ. Òun kọ́ ló fẹ́ yá owó.

Ẹ sọ fún akápò pé owó yẹn kò tíì wọgbó. Ẹ tún ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé jáde, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti jìnnà síra jù, nítorí níbẹ̀ ni ẹnì kan ti rí ohun tí àwọn yòókù kò rí. Lójú tèmi, 4 yẹn ni nǹkan tó níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn, ìpíndọ́gba ló sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni náà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè lórí fóònù lọ́la. Ẹ má bi í léèrè ìdí tó fi le bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé fóònù wo ló lò, orúkọ onídùúró wo ló tẹ̀, àti ibi tó dé lórí fọ́ọ̀mù náà kó tó dáwọ́ dúró.